Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì data center: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Mo bèèrè bóyá, fún data center wa (ilé tí a kó àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà server, sí), ká ra switch (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) ràgàjì méjì sí àárín, àbí ká to kéékèèké tó jọra pọ̀. Kéékèèké la mú.

Leaf-spine ni: àwọn switch leaf ló so mọ́ sáfà, àwọn switch spine wà lókè, wọ́n ń so gbogbo leaf pọ̀. Ètò yìí wá látinú ohun tí Charles Clos kọ nípa ìlà tẹlifóònù ní 1953. Ẹni tó sọ pé kò ní gbòòrò, ẹ gbọ́: switch oníhò (port) 48 nìkan, tí a bá fi kọ́ fat-tree (ètò tó jọ leaf-spine) onípele mẹ́ta, á gba sáfà 27,648. (Tiwa ò sún mọ́ ọn rárá o.)

Leaf kọ̀ọ̀kan ní ihò 48 ti 25G (gigabit 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí sáfà, àti 100G mẹ́rin lọ sókè, ọ̀kan sí spine kọ̀ọ̀kan. 3:1 nìyẹn (1,200G sí sáfà, 400G lọ sókè), owó ló fà á, ó sì tó wa. BGP (ìlànà tí àwọn switch fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn) ló ń darí ọ̀nà, ECMP ń pín ẹrù sórí àwọn ọ̀nà tó dọ́gba. Optics (ẹ̀yà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé data gba inú wáyà fáíbà) ló fẹ́ jẹ owó wa tán, la bá lo wáyà bàbà nínú rákì.

A mọ̀ọ́mọ̀ pa spine kan lọ́sàn-án gangan. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára òkè lọ, iṣẹ́ ò dúró. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.