Ọmọ wa ò tíì kúrò ní ọsibítù, ìyàwó mi fẹ́ padà síbi iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù ìyàwó mi ò tíì pé tó fi bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Inú ẹ̀rọ amóoru lọmọ ṣì wà. Ọ̀pá tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gba wàrà tí ìyá rẹ̀ bá fún sílẹ̀ sí i nímú. Ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó wọlé ní kété tí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé. A mú ìwé dókítà lọ, máníjà ò tilẹ̀ ṣí i wò. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù, ó kéré tán. Kò ráyè lo ti ìṣáájú. Ṣé ó lè fi kún ti ẹ̀yìn, kí ìdajì owó náà sì máa wọlé?