Ǹjẹ́ a lè retí àwọn obìnrin fọ́líbọ́ọ̀lù Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Los Angeles 2028?

Ọmọ Gàá-Àkànbí, Ìlọrin:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè wa ni mo gbé wá. Láti ìgbà tí eré yìí ti wọ Òlíḿpíìkì ní Tokyo lọ́dún 1964, àwọn obìnrin Kẹ́ńyà ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ti Àlgéríà lọ lẹ́ẹ̀mejì, ti Kamẹrúùnù sì lọ sí Rio lọ́dún 2016, ṣùgbọ́n tiwa kò tíì débẹ̀ rí. Orílẹ̀-èdè méjìlá péré ló ń kópa. Fún ti ọdún 2028, Amẹ́ríkà tó gbàlejò ti ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ife kọ́ńtínẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́dún 2026 yóò wọlé tààrà. Mẹ́ta yóò ti inú ìdíje àgbáyé ọdún 2027 jáde, mẹ́ta yòókù yóò sì wọlé nípa ipò wọn lágbàáyé. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbá a ní ilé ẹ̀kọ́ girama bi mí pé, ṣé a lè débẹ̀, n kò sì mọ èsì tí n ó fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré yìí dunjú, níbo gan-an ni ìṣòro wa wà?

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ọ̀fà:

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìdíje àgbáyé àti ti ipò lágbàáyé da ara rẹ láàmú, nítorí àwọn bí Ítálì, Bràsíl, Pólándì àti Jàpáànù ni yóò máa du àyè mẹ́fà yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún wa ní tòótọ́, ìyẹn ife ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ọdún 2011 títí di 2023, àárín Kẹ́ńyà àti Kamẹrúùnù nìkan ni ife náà ń pààrà, Íjíbítì sì ń sún mọ́ wọn, nítorí òun ló bá Kẹ́ńyà figagbága ní àṣekágbá ọdún 2023 ní Yaoundé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kan náà ló ṣojú Áfíríkà níbi ìdíje àgbáyé ní Thailand lọ́dún 2025.

Lójú tèmi, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni wàhálà wa. Bí alátakò bá ti gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ fi apá méjèèjì gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ́dọ̀ sẹ́tà, ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù sókè fún àwọn tó máa lù ú. Bí ó bá ta sẹ́yìn, sẹ́tà yóò máa sáré lé e, gbogbo ayé yóò sì ti mọ ibi tí yóò ta á sí, àwọn tó ń dínà lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì yóò ti gbé ọwọ́ sókè dè é. Gbígbà yìí, ẹsẹ̀ ló ń ṣe é ju ọwọ́ lọ, àwa tí ìjàkadì sì jẹ́ orò wa ní Ọ̀fà mọ̀ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró kò lè rí ọwọ́ lò. Ṣùgbọ́n lílù, ìyẹn kí wọ́n fi agbára gbá bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì, ló máa ń wu àwọn ọmọ. Bí mo bá ní kí wọ́n wá kọ́ gbígbà, ojú wọn á fà ro.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú rí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé tépù lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa. Mítà 2.24 ni nẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ ga tó. Èyí tí wọ́n so mọ́ òpó méjì níbẹ̀ kò tó 2.10 láàárín, nítorí okùn rẹ̀ ti dẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń lu bọ́ọ̀lù bí ẹni ń la igi. Nígbà tí a fa nẹ́ẹ̀tì náà dé ibi tó yẹ, bọ́ọ̀lù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó lù ló há sínú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń gbá a lórí nẹ́ẹ̀tì tó lọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi tiwa ní Ìlọrin kún un. Àwọn òbí púpọ̀ níbí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gbá a mọ́ bó bá ti bàlágà, nítorí aṣọ rẹ̀. Ọkọ mi pàápàá kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ọmọ wa àgbà fẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde. Mo fi àwòrán Doaa Elghobashy ará Íjíbítì hàn án, ẹni tó gbá fọ́líbọ́ọ̀lù orí iyanrìn ní Òlíḿpíìkì Rio 2016 àti ti Paris 2024 pẹ̀lú híjáàbù lórí, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú aṣọ. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Òlíḿpíìkì rèé lóòótọ́?" Láti ọjọ́ náà ni ọmọ wa ti ń lọ. Àwọn ọmọ tó ga, tó sì lágbára tí irú èèwọ̀ yìí ń dá dúró sílé kò lóǹkà.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán:

Mo gbá eré yìí títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Olùkọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni olórí ìṣòro. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní Kẹ́ńyà, iléeṣẹ́ Kenya Pipeline, báńkì KCB àti iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn ló ní ẹgbẹ́ obìnrin ńláńlá. Àwa náà ní ti Kọ́sítọ́ọ̀mù, ti Immigration àti ti Civil Defence, mo sì dúpẹ́ fún wọn, nítorí bí kò bá sí wọn, eré yìí ì bá ti kú láàárín àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ níbẹ̀, ọjà ni yóò lọ tà, bí èmi náà ti ṣe.

Kẹ́ńyà tó ní gbogbo èyí kò rí sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn abala kan nínú eré, mú ní Òlíḿpíìkì Paris 2024. Bràsíl, Pólándì àti Jàpáànù nà án ní mẹ́ta sí òdo. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ máa ronú bí a ó ṣe borí Kẹ́ńyà. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ọ̀fà:

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ó dùn mí pé ọjà lẹ padà sí. Àbúrò Gàá-Àkànbí, sọ fún ọmọ náà pé ọ̀nà wà, ó kàn há ni. Kí ó wọn nẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì máa gba sáàfù àádọ́ta lójoojúmọ́ kí ó tó lu ẹyọ kan.

Ọmọ Gàá-Àkànbí, Ìlọrin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. A fi tépù ìránṣọ ìyá wa wọ̀n ọ́n lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì la lé e, nítorí kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Mítà 2.15 ni. A ti fà á gòkè, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba sáàfù.