Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú mail server (kọ̀ǹpútà tó ń gba mail, tó sì ń fi í ránṣẹ́) ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, kí lojú yín ti rí nípa fífi òdiwọ̀n (limit) sí iye mail tí èèyàn lè fi ránṣẹ́?

Ọmọ Lágéré: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan ní Lágéré ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Àwọn oníjìbìtì jí password akọ̀wé, wọ́n fi rọ̀jò spam mọ́jú. Kílẹ̀ tó mọ́, Gmail ti ń dá mail gbogbo ilé iṣẹ́ padà, títí kan ìwé owó tí oníbàárà ń retí. Mo fi smtpd_client_message_rate_limit, òdiwọ̀n iye mail, sínú main.cf, fáìlì ètò Postfix tó ń darí mail wa, wàhálà bá rọlẹ̀. 0 ni Postfix ń fi síbẹ̀ tẹ́ ò bá yí i padà, ìyẹn ni pé kò sí òdiwọ̀n kankan.

Ará Ìjẹ̀ṣà: Ẹ̀gbọ́n, ó rọlẹ̀ ni, kò tíì tán. IP (nọ́ńbà ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì) ni ìyẹn ń kà, kì í ka ẹni tó ń ránṣẹ́. Tí wọ́n bá gba oríṣiríṣi IP wọlé sórí account kan náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Sábó: Bẹ́ẹ̀ ni jàre! Ohun tó pa wá lẹ́kún nìyẹn. Ẹ̀yìn router kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì wa wà, IP kan náà ni gbogbo wa fi ń jáde. Ẹnì kan ránṣẹ́ jù, gbogbo wa la jẹ níbẹ̀. Exim, ètò mail mìíràn bíi Postfix, la wá ń lò báyìí:

ratelimit = 100 / 1h / strict / $authenticated_id

Mail ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan ni, orúkọ tí èèyàn fi wọlé ló sì ń kà. Kálukú ń ru ẹrù tirẹ̀.

Àbúrò Mayfair: Strict ti le jù, mà. Èyí tí wọ́n ti dá padà gan-an, strict ṣì ń kà á mọ́ èèyàn lọ́rùn. Ẹ lo leaky, kì í ka èyí tí wọ́n bá dá padà.

Ìyá Ìbejì Sábó: Kí ẹni tó ń ránṣẹ́ jù sinmi ná ni mo fẹ́.

Ìsọ̀kún: Lẹ́tà lẹ̀ ń kà, ẹ ò ka àwọn tó ń gbà á. Akọ̀wé ìjọ kan kọ lẹ́tà kan péré, ó to orúkọ gbogbo ìjọ sí Bcc, ibi tí ẹnì kan ò ti ní rí orúkọ ẹnì kejì. Ọ̀kan ni server kà á!

Ará Ìjẹ̀ṣà: Ẹ fi postfwd sí i, ètò tó ń bá Postfix ṣe òdiwọ̀n. rate() fún lẹ́tà, rcpt() fún àwọn tó ń gbà. Àmọ́ inú smtpd_end_of_data_restrictions, àyẹ̀wò ìgbà tí lẹ́tà ti wọlé tán, ni kẹ́ ẹ ti pè é, torí nígbà RCPT, tí wọ́n ṣì ń dárúkọ àwọn tó ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, Postfix ò tíì mọ iye wọn.

Ìsọ̀kún: Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ Lágéré: Tí wọ́n bá kọjá òdiwọ̀n, ẹ fi kóòdù 450 dá wọn lóhùn o, ẹ má lo 550. 450 ní kí wọ́n padà wá, 550 lé wọn lọ pátápátá.

Àbúrò Mayfair: Server ló ń padà wá, ẹ̀gbọ́n. Lórí fóònù, error ni oníbàárà ń rí, èmi ló sì máa pè. Tí NEPA bá múná dé báyìí, gbogbo ọ́fíìsì á tú outbox (mail tó ń dúró láti lọ) sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, limit á gbé wọn.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ ra inverter.

Àbúrò Mayfair: Ọ̀gá wa ò gbà mà, ó ní jẹnẹrétọ̀ tó.

Ará Ìjẹ̀ṣà: Ẹ fẹ limit wọn sí i díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ka wákàtí dípò ìṣẹ́jú. Iná á dé, mail á lọ.