Ṣé ojoojúmọ́ ló yẹ kí Kristẹni máa ronú pìwà dà?

Ìyàwó Aké:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìjọ Pẹntikọ́sì ni mo ti di àtúnbí nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Ìgbà tí mo ṣègbéyàwó ni mo bá ọkọ mi lọ sí Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ní Aké. Níbẹ̀, gbogbo ìsìn òwúrọ̀ la máa ń kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ látinú Ìwé Àdúrà, tọmọdé tàgbà, àlùfáà pàápàá. Ìyá ọkọ mi tún máa ń ṣe tiwọn nílé kí wọ́n tó sùn. Bí Olúwa bá ti dárí jì mí, kí ni mo tún ń tọrọ lójoojúmọ́? Ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ará Láfẹ́nwá:
Arábìnrin, àwọn onígbàgbọ́ ni 1 Jòhánù 1:9 ń bá wí, níbi tó ti ní bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, Ọlọ́run á dárí jì wá. Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, náà, nínú kókó tó ṣáájú nínú márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó kọ lọ́dún 1517, sọ pé gbogbo ayé onígbàgbọ́ ni Jésù fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà.

Ìyá Aládìrẹ:
Ọmọ mi, o kú ìbéèrè. Ka Jòhánù 13. Pétérù ní kí Jésù kúkú wẹ òun tọwọ́ torí, Jésù ní ẹni tó ti wẹ̀ kò nílò ju kó ṣan ẹsẹ̀ lọ. Ìwẹ̀ yẹn, o ti wẹ̀ ẹ́ nílé-ìwé, ẹnikẹ́ni ò ní kó o tún un wẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn á kó eruku. Nínú Àdúrà Olúwa pàápàá, bí a bá ti tọrọ oúnjẹ òòjọ́ tán, ìdáríjì ló kàn.

Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Oníbàárà á béèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹlú ni wọ́n fi rẹ ẹ́?" Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé kẹ́míkà ni, á kàn dákẹ́ kí ọjà má bàa bọ́. Ọmọṣẹ́ á da ẹ̀kọ tí a fi ń ya ọnà sórí aṣọ, ọ̀gá á bú u dé orí ìyá tó bí i. Tílẹ̀ bá ṣú, gbogbo wa á ní "Olúwa, dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá", a ó sùn. Èwo nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀kan.

Èmi máa ń fi ọkàn tún ọjọ́ náà rìn láti ìgbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ẹni tí mo sọ ọ́ sí, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, màá bi ara mi pé ọ̀dọ̀ ta ni mo ń lọ tílẹ̀ bá mọ́. Sákéù nínú Lúùkù 19 ní òun á san ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí ẹni tó ń sunkún níwájú pẹpẹ, tí owó alágbàṣe ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìyàwó Aké:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ti ẹsẹ̀ yẹn yé mi. Tí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè bá ti kú ńkọ́? Tàbí tí kò fẹ́ rí mi sójú?

Ìyá Aládìrẹ:
Tí kò bá fẹ́ rí ọ, rán àgbàlagbà tó ń gbọ́ tirẹ̀ sí i, kó o sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Róòmù 12:18 ní ká bá gbogbo èèyàn gbé ní àlàáfíà, níbi tí agbára wa bá mọ. Tó bá ti kú, wo Númérì 5: ìbátan rẹ̀ ni wọ́n máa ń san án fún. Tó o bá mọ àwọn ọmọ rẹ̀, gbé e lọ bá wọn.