Kí ni p16 ń ṣe nínú èsì àyẹ̀wò àbúrò mi?

Ìyá Bólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ẹnu ilé ọmọ àbúrò mi obìnrin láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì ní CIN 3 ni, pé kò tíì di jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n ó lè dà á bí a bá fi í sílẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì HPV 16, àti pé p16 pọ̀ gan-an. Mo wá p16 yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kà pé purotéènì tí ń dá ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì dúró ni, kí jẹjẹrẹ má baà ṣẹlẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ó pọ̀ sí ni ewu wà? Ẹnìkan ní agbo tí òun ń tà yóò fọ fáírọ́ọ̀sì náà jáde. Ẹ̀rù sì ń ba àbúrò mi pé àwọn ọmọbìnrin òun ti jogún rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Adéògún (òṣìṣẹ́ láàbù):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn, purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní Rb, òun ni ó di èkejì rẹ̀, E2F, mú. E2F yìí ni ó máa ń jí àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀ kí ó tó pín sí méjì, iṣẹ́ p16 sì ni láti rí i pé Rb kò jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò yẹ. HPV 16 wá gbé purotéènì tirẹ̀ dé, E7, tí ó ń lẹ̀ mọ́ Rb tí ó sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ run ún. E2F bọ́, àwọn jíìnì tí ó yẹ kí wọ́n sinmi kò sì sinmi mọ́. Sẹ́ẹ̀lì fura, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe p16 lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n Rb tí p16 ń gbà ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́: bí awakọ̀ tí ó ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí wáyà rẹ̀ ti já ni. Nítorí náà, p16 kọ́ ni ó fa ewu, ẹlẹ́rìí pé E7 ń ṣọṣẹ́ ni. Nínú CIN 3, nígbà tí a bá kun ẹran náà tí a sì wò ó nínú maikirosíkóòpù, àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń fi p16 hàn ni a máa ń rí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, láìsí àlàfo.

Fáírọ́ọ̀sì náà ní purotéènì mìíràn, E6, pẹ̀lú, èyí tí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì run p53, purotéènì mìíràn tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Bí DNA bá bàjẹ́, p53 ni ó ń jí àwọn jíìnì tí yóò dá sẹ́ẹ̀lì dúró tàbí tí yóò pa á. Láìsí rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí ó ní àbùkù á máa pín lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó máa ń kó HPV. Kí ló dé tí kì í di nǹkan lára púpọ̀ wọn?

Adéògún:
Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń borí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 2. Fáírọ́ọ̀sì náà tún ní jíìnì kan, E2, tí ń kó E6 àti E7 níjàánu. Bí àrùn náà bá pẹ́ lára, DNA rẹ̀ lè já, kí ó sì so mọ́ DNA ènìyàn, ibẹ̀ ni E2 sì ti sábà máa ń sọnù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n ń tọ́jú ní láàbù títí di òní, wá láti inú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin kan tí wọ́n tọ́jú ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ní 1951, wọ́n sì ní HPV 18, ẹ̀yà HPV mìíràn, nínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dá E2 padà sínú wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, E6 àti E7 dákẹ́, p53 àti Rb padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ṣíwọ́ pípín. Èmi ò tíì rí ẹ̀rí tí ó mọ́lẹ̀ tó ìyẹn pé E6 àti E7 ni ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa pín.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́:
Ìyá Bólú, ẹ má ra agbo yẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìṣòro náà wà, kì í ṣe ohun tí a ń fọ̀ jáde. Wọ́n máa ń gé ibi tí CIN 3 wà kúrò ni, ìtọ́jú yìí sì máa ń yọrí sí rere bí wọ́n bá tètè ṣe é. Àwọn ọmọ kò jogún rẹ̀, nítorí ẹnu ilé ọmọ ìyá wọn nìkan ni àyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìbálòpọ̀ ni HPV yìí sábà máa ń bá wọlé. Bí wọ́n bá wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ní October 2023. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò lè wo ohun tí ó wà lára ìyá wọn sàn o. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ti lé ní 30, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín.

Ìyá Bólú:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Kí ni kí a bi dókítà nígbà tí wọ́n bá gé e tán?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ bi í bóyá etí ẹran tí wọ́n gé mọ́, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí àbúrò yín yóò padà wá ṣe àyẹ̀wò HPV. Bí etí rẹ̀ kò bá mọ́, ó túmọ̀ sí pé díẹ̀ lè ṣẹ́kù, wọn yóò sì pinnu bóyá kí wọ́n tún un gé tàbí kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.