Ọtí ni bàbá ọmọ mi fi ń pa ìrántí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ràṣídì (Ẹ̀pẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ojú omi ni Bàbá Ràṣídì ń wà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìjì dojú ọkọ̀ wọn dé lórí ọ̀sà, omi gbé àbúrò wọn lọ níṣojú wọn. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn epo tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì báyìí, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ògógóró ni wọ́n fi ń pa á. Lánàá mo bá ìgò nínú àwọ̀n tí wọ́n ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní ká tì wọ́n mọ́lé títí ọtí á fi dá lára wọn. Dókítà tí a rí ní Yábàá sì ń sọ ti ìtọ́jú ọkàn kan tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, ACT (Acceptance and Commitment Therapy), pé kí wọ́n má bá ìrántí jà mọ́. Ṣé kí wọ́n wá jókòó máa wo òkú àbúrò wọn ni?

Àlàájà: Ẹ jẹ́ kí Ààfáà bá wọn ṣàdúà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àlàájà, àdúà ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má tì wọ́n mọ́lé o! Ẹni tọ́tí ti wọ̀ lára, tó bá já a lójijì, gírí lè gbé e, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi oògùn bá èèyàn dá a dúró. Ní ti ACT, Steven Hayes, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Sísá fún ìrántí gan-an ló ń sọ ọ́ di ẹrù. Ọtí á lé e lọ fún wákàtí díẹ̀, tó bá máa fi padà, á le ju ti tẹ́lẹ̀. Bí ọkàn wọn bá ń wí pé “Èmi ni mo pa á,” dókítà á kọ́ wọn láti sọ pé “Ọkàn mi tún ń sọ fún mi pé èmi ni mo pa á.” Ẹ ka méjèèjì síta, ẹ ó rí i pé wọn ò dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi wọ́n pé kí ló jẹ wọ́n lógún láyé, kí wọ́n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, bí àyà tiẹ̀ ń já. Kò sẹ́ni tó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dáa.

Ọmọ Ìkòròdú: Tramadol, oògùn ìrora tó máa ń di bárakú, ni tèmi, lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè dá wa lọ́nà. Òǹgbẹ rẹ̀ máa ń ru bí ìgbì ni, á sì rọlẹ̀. Tó bá dé, màá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, màá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, màá máa ka ọ̀kadà tó ń kọjá. Mo ti padà sídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n má purọ́. Ẹni tó ń tọ́jú mi ò bú mi.

Ìyá Ràṣídì: Nọ́ọ̀sì, “èmi ni mo pa á” yẹn gan-an ni wọ́n máa ń sọ lójú oorun, mi ò sì kọ ọ́ síbí. Mo ti sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n wọn pé kò sẹ́ni tó máa tì wọ́n mọ́lé. Ọjọ́ Ajé la máa padà sí Yábàá. Mọ́tò la máa wọ̀.