Ibo la lè rìn wọ igbó ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ láìní mọ́tò?

Àlejò_Ṣàgámù
Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ. Èkó ni mo ti kó wá sí Ṣàgámù, iṣẹ́ ló gbé mi wá, àtìgbà tí mo sì ti dé, ilé ọ́fíìsì, ilé ọ́fíìsì náà ni. Mo fẹ́ràn kí n máa fẹsẹ̀ rìn, kì í ṣe ti inú pápá ìṣeré o, ibi tí igi wà, tí mi ò ní máa gbọ́ họ́ọ̀nù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò ní mọ́tò, mi ò sì lè gun ọ̀kadà lórí ẹ̀spẹrẹsì láéláé. Ibi tí bọ́ọ̀sì tàbí kórópe lè já mi sí ni mò ń wá, kí n rìn wọ igbó níbẹ̀, kí n sì rí ọkọ̀ gbé mi padà kílẹ̀ tó ṣú. Obìnrin ni mí, ẹ fìyẹn sọ́kàn. Ibo lẹ mọ̀?

ỌmọAlárẹ̀
Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo, Erédò Ṣùńgbọ́ ni màá mú, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń gba títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ ti kọjá níbẹ̀ àìmọye ìgbà láìfura, torí títì ọ̀hún gé e kọjá ni. Kòtò ni àwọn baba wa gbẹ́, wọ́n wá kó erùpẹ̀ ẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan di odi, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn ẹ̀ tó kìlómítà 160, Ìjẹ̀bú-Òde alára wà nínú ẹ̀. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi á tó mítà 20. Patrick Darling, òyìnbó awalẹ̀pìtàn yẹn, fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ káàkiri nígbà 1990 sí 1999, ìgbà yẹn ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn lọ́sàn-án, oòrùn ò ní rí yín. Igi òkè ti fara kanra, ògiri amọ̀ pupa wà lọ́tùn-ún lósì, ó ń dán, ó tutù, ewéko wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, gbòǹgbò igi sì yọ jáde lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè dì mú. Ilẹ̀ ibẹ̀, ewé tó ti jẹrà ni, ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa wolẹ̀ o, mo ti rí ìjàlọ tó tò kọjá níbẹ̀ tí gbogbo wa dúró títí wọ́n fi lọ, kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe àgídí.

Tọkọ̀ báyìí: Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lọ sí Gáréèjì Ẹ̀pẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún dírẹ́bà látìbẹ̀rẹ̀ pé Erédò lẹ ń sọ̀, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rí i. Kẹ́ ẹ tó wọ kòtò ẹ kí àwọn àgbà ìlú, kẹ́ ẹ mú ọmọ ibẹ̀ kan dání, kì í ṣe torí owó, torí tàkúté ọdẹ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí nìyí o: igbó kọ́ ló ń dá èèyàn dúró nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ ni. Ẹ má mú ọ̀nà tó jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé náà lẹ gbọ́dọ̀ gbà jáde, tí ibẹ̀ bá wá jẹ́ ìkòríta tí ọkọ̀ kan ń kọjá ní wákàtí kan ńkọ́? Ẹ mú èyí tó já sí títì míì, títì tí danfó ò wọ́n. Tó bá rẹ̀ yín ẹ kàn jáde sí i.

Awakọ̀_Sábó
Òótọ́ lẹ sọ. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sunday èrò kì í tó, a ò kì í fẹ́ gbéra tí sítì ò bá kún, ẹni tó bá dúró létí títì nínú igbó tó ń nawọ́ a ò ní dúró gbé e, ẹ má bínú, ẹ̀rù ń ba àwa náà. Saturday ló dáa jù. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ jáde, kẹ́ ẹ sì ti wà ní ìlú níwọ̀n aago mẹ́rin.

Dókítà_Ilẹ̀
Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ J4, ibùdó tó wà níbi igbó ọba Omo? Àtọdún 1925 ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀, erin wà níbẹ̀ dòní! Ọkọ̀ Ọ̀rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde á já yín sí J4 gan-an.

ỌmọAlárẹ̀
@Dókítà_Ilẹ̀ kẹ́ ẹ já a sí J4 kó wá ṣe kí ni? Látorí ẹ̀spẹrẹsì dé ibi tí igbó ti dá múṣémúṣé jìnnà, ọ̀kadà náà ni á gbé e, ohun tó ní òun ò fẹ́ nìyẹn. Àti pé erin kì í ṣe ewúrẹ́ o. Ibẹ̀ yẹn, ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ lọ lọ́pọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó máa dúró dè yín. Ibi tó dáa ni, kì í ṣe fún ìbéèrè yìí.

Ìyá_Ẹlẹ́bìrìpò
Ọmọ mi, àwọn ọkùnrin yìí ò ní rántí sọ eléyìí fún ẹ. Nígbà ọdún Agẹmọ, Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn olórí awo Agẹmọ, máa ń gbéra láti ìlú wọn lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin ò gbọ́dọ̀ fojú kàn wọ́n lọ́nà. Nǹkan bí oṣù July ló máa ń bọ́ sí. Kó o tó lọ ibikíbi nínú Ìjẹ̀bú lásìkò yẹn, pe ẹni tó wà ńbẹ̀ kó o bi í. Orò náà bẹ́ẹ̀, kálukú ìlú ló ní ọjọ́ tiẹ̀. Tó o bá sì dé Òkè-Ẹ̀rí níbi tí wọ́n ní sàréè Bílíkísù Ṣùńgbọ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe kòtò náà wà, bèèrè kó o tó sún mọ́ ọn, torí wọn kì í gba obìnrin láyè níbi sàréè ọ̀hún, kó o sì gbẹ́nu dákẹ́. Wọ́n á ní ọbabìnrin Ṣébà ni. Ọmọ mi tó lọ yunifásítì sọ pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Jésù ni wọ́n gbẹ́ kòtò yẹn, pé Ṣébà ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí Jésù. Èmi ò bá wọn dá sí i. Lọ wo kòtò náà, ó dùn ún wò.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, Rẹ́mọ níbí ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n rìn. Wọ kórópe lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀, wo ilé ẹ̀ tó o bá fẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá bèèrè ọ̀nà oko tó lọ sápá Ìlíṣàn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Kò jìnnà. Oko obì gbànja pọ̀ lágbègbè yẹn, abẹ́ igi obì ò sì ní igbó ṣíṣù, èèyàn ń ríran jìnnà. Láti October lọ tí wọ́n bá ń kórè, wà á bá àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ti òkìtì obì, wọ́n ń bó o, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń to ewé sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rọ obì sí i kó má baà gbẹ. Kí wọn dáadáa, "ẹ kú iṣẹ́ o", wọ́n á fún ẹ lómi mu. Tó o bá ti já sí Ìlíṣàn, ọkọ̀ ò wọ́n ńbẹ̀ rárá, torí àwọn ọmọ yunifásítì Babcock.

Má já obì olóbì ṣá.

Àlejò_Ṣàgámù
Haa Mà, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yin náà bọ̀ọ̀dá ẹ ṣé, Erédò á dìgbà tí òjò bá dá, torí ògiri tó ń dán tẹ́ ẹ sọ yẹn ti dẹ́rù bà mí. Ìkẹ́nnẹ́ ni màá lọ ní Saturday tó ń bọ̀. Ṣé bàtà kánfáàsì tó àbí kí n wá bàtà òjò?

Ìyá_Ẹlẹ́bìrìpò
Kánfáàsì tó, wọ sọ́kìsì gígùn, ki ṣòkòtò bọ inú ẹ̀.

Awakọ̀_Sábó
Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì kí aago méje tó lù, ẹ bèèrè ọkọ̀ tó ń lọ tààrà, ẹ má wọ èyí tó máa yà sí Ìperu kiri.

Ìya_Ìbejì_Mákun
Èmi náà ń bọ̀ o, ẹ dúró dè mí 🙋🏾‍♀️ ṣé wọ́n ń gba ọmọ kékeré?